Mo fọn G, alùdùùrù tẹ G, síbẹ̀ ohùn wa ò bára mu

ỌmọTákié (Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ olórin ìjọ wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó, oṣù tó kọjá ni mo wá ra kilarinẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kan. Fèrè dúdú ni, àwọn irin ara rẹ̀ ti ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ihò rẹ̀ ló ń dí dáadáa.

Fídíò ni mo fi kọ́ ara mi. Mo mọ G, mo mọ A, mo mọ C. Lánàá, níbi ìdánrawò, alùdùùrù wa ní "Key G". Mo ṣí ìwé orin onísítáàfù (èyí tó ní ìlà márùn-ún), mo sì ń fọn ohun tí mo rí níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ńṣe ni gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn sopuránò ń wo ojú ara wọn. Alùdùùrù ní kí n lọ dá fèrè padà fún ẹni tó tà á fún mi, pé ó ti bàjẹ́.

Mo fọn G, òun náà tẹ G, síbẹ̀ ó dà bí ìgbà tí èèyàn méjì ń kọ orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú yàrá kan. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni? Owó yẹn kì í ṣe owó kékeré o.

SákísìBọ̀ọ̀dá (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Kò bàjẹ́ jàre. Àwa tó ń fọn sákísì ti jẹ ìyà yẹn kọjá. Kilarinẹ́ẹ̀tì kì í ṣe kíì C bíi dùùrù, Bb (B fúláàtì) ni. Ohùn tiwọn fi bọ́tìnnì dùùrù méjì yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá ti ní G, ìwọ fọn F. Ó parí.

TísàOrin (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 òwúrọ̀)

SákísìBọ̀ọ̀dá, ẹ bá òótọ́ dé àárín ọ̀nà, ẹ wá já a sílẹ̀ níbẹ̀. Bọ́tìnnì méjì ni lóòótọ́, òkè ni yóò lọ, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Ohun tí Bb túmọ̀ sí nìyí: tí ọ̀gbẹ́ni yìí bá fọn ohun tí ìwé kilarinẹ́ẹ̀tì ń pè ní C, Bb ti dùùrù ló máa jáde. Fèrè náà fi bọ́tìnnì méjì rẹlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ka funfun pọ̀ mọ́ dúdú. Ẹ wo kóńgò àwọn ìyá kan lọ́jà, èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ó wọn gàárì mẹ́wàá fún ọ, mẹ́jọ ló délé. Tó o bá fẹ́ kí mẹ́wàá délé, méjìlá lo máa ní kó wọ̀n. Fèrè ń já ọ sílẹ̀, ìwọ náà tètè gòkè dè é. Dùùrù wà ní G, ìwọ fọn A. Dùùrù wà ní C, fọn D. F di G, Bb di C, Eb di F.

Tó bá fọn F gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe wí, Eb ló máa dún. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló máa wá wà láàárín òun àti dùùrù. Wọ́n á lé e jáde.

SákísìBọ̀ọ̀dá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:31 òwúrọ̀)

Mo gbà, mo gbà. Orí mi dojú kọ ìsàlẹ̀ lálẹ́ àná. Òkè ni.

ỌmọTákié (Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi Tísà, ẹ ṣé o. Mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Wọ́n ní G, mo fọn A.

Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ó kàn dà bí ẹni tó ń kọ orin mìíràn ni. Tòní, ńṣe ló ń ta ni létí bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Ọ̀gá kọ́ọ̀yà fọwọ́ bo etí. Mo ti ń tijú báyìí.

ÌyáẸgbẹ́Akọrin (Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ọyẹ́ ni. Ẹ̀yin ò rí bí ètè gbogbo wa ṣe ń là? Bí fèrè bá tutù, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ń fọn ún ní Ìbàdàn. Inú apá ló máa ń há a sí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fọn ún, á sì máa mí ẹ̀mí gbígbóná sínú rẹ̀. Tó bá ṣì rẹlẹ̀, á ti ègé kékeré tó wà lábẹ́ ẹnu fèrè wọlé dáadáa. Tó bá ga jù, á fà á jáde díẹ̀. Má sì gbé e sínú oòrùn o, pàápàá tó bá jẹ́ igi gidi. Igi tó ti gbẹ nínú ọyẹ́ tí atẹ́gùn ẹnu wá kàn lójijì, lílà ló máa ń là.

TísàOrin (Ọjọ́bọ̀, 5:58 òwúrọ̀)

Màmá, òótọ́ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa òtútù, ohun tó ń ṣe ọmọ yìí kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti bọ́tìnnì dùùrù kan sí èkejì, ọ̀nà 100 la pín in sí. Bí òtútù bá fi ìwọ̀n 1 lórí sẹ́lísíọ́ọ̀sì pọ̀ sí i, ohùn fèrè á fi bíi 3 rẹlẹ̀. Kí òtútù tó lè jẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo tán, ó ní láti fi nǹkan bí ìwọ̀n 33 tutù sí i. Bó ti wù kí ọyẹ́ mú tó ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ò tíì rí irú ẹ̀. Ègé tí ẹ sọ yẹn náà, tó bá fà á títí tó fẹ́ bọ́, kò lè mú bọ́tìnnì kan odindi wálẹ̀. Nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀.

SákísìBọ̀ọ̀dá (Ọjọ́bọ̀, 8:15 òwúrọ̀)

Ètè rẹ̀ ló dẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń rẹlẹ̀ ni. Àbí kẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń tẹ irin octave tó wà lẹ́yìn (èyí tó ń gbé ohùn fò láti doh sí doh òkè) láìmọ̀.

BàbáBáńdì (Ọjọ́bọ̀, 4:44 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi ỌmọTákié, má dá fèrè padà. Má sì tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan èmi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi fọn kilarinẹ́ẹ̀tì nínú báńdì ológun kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ọ̀yọ́ níbí. Ohun tí ọ̀gá wa kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kéèyàn bi fèrè ní orúkọ kó tó bá a jà.

Báyìí ni wàá ṣe bi í. Fọn ún fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara rẹ̀ móoru. Lẹ́yìn náà, ká gbogbo ìka kúrò, má dí ihò kankan, níwájú àti lẹ́yìn. Àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan ni kó gbé e ró. Fọn ún jẹ́jẹ́. Ohùn yẹn ni ìwé wa ń pè ní G. Gbé fóònù síwájú, kí o ṣí áàpù tí àwọn onígìtá fi ń tún okùn ṣe. Tó bá jẹ́ Bb, F ló máa kọ. Wá fi àtàǹpàkò òsì dí ihò ẹ̀yìn, kí o fi ìka mẹ́ta òsì dí mẹ́ta iwájú. C nìyẹn, Bb ló yẹ kí áàpù kọ. Bó bá jẹ́ ètè ló dẹ̀, ọ̀kan á rẹlẹ̀ ju èkejì, abẹ́rẹ́ á sì máa mì. Bó bá jẹ́ fèrè fúnra rẹ̀ ni, iye kan náà ni gbogbo wọn á fi yàtọ̀. Kọ ohun tó o bá rí síbí.

Sákísì, ẹ jọ̀ọ́, kilarinẹ́ẹ̀tì ò ní octave o. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ilé sákísì wá sọ́dọ̀ wa ti ń ṣubú. Lórí sákísì, ìka tó fún yín ní doh, tẹ́ ẹ bá tẹ irin ẹ̀yìn, doh òkè ló máa dún. Lórí tiwa, soh tó wà lókè doh òkè yẹn ló máa dún. Ìka tí mo fi ń fọn C, tí mo bá fi irin yẹn kún un, G òkè ni. Ìdí nìyí tí kíkọ́ ìka wa fi le ju tiyín lọ.

Ẹ̀yin ọmọdé ìgbà yẹn, ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń já ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ká là á lẹ́nu, ká máa fọn ún? Fífẹ̀ inú rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀. Irú rẹ̀ ni kilarinẹ́ẹ̀tì. Sákísì ní tirẹ̀, ìwo màlúù ni: ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ fẹ̀. Óbò àti básúùnù náà, ìwo ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ inú ìwo máa ń fò sí doh òkè. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá tó dọ́gba, tí ẹnu fèrè sì dí òkè rẹ̀, máa ń fò kọjá ibẹ̀ dé soh. Nítorí ọ̀pá yẹn náà ni ohùn wa fi ń wálẹ̀ púpọ̀. Ẹ gbé flúùtù ti kilarinẹ́ẹ̀tì Bb, gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ C àárín dùùrù ni flúùtù máa ń dé, tiwa á wọlẹ̀ lọ títí dé D tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó octave kan.

Ilé fèrè onígi ni wọ́n kó gbogbo wa sí, irin ni flúùtù òde òní, idẹ sì ni sákísì. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe é là ń wò, bí ohùn ṣe ń jáde ni. Flúùtù ò ní rídì, ègé pẹlẹbẹ tó máa ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè. Óbò àti básúùnù ní rídì méjì tó ń gbára wọn. Èmi àti Sákísì, rídì kan péré la so mọ́ ẹnu fèrè. Ìbátan ni wá, bí mo tilẹ̀ ń bá a jà.

Àyàn_Akẹ́sán (Ọjọ́bọ̀, 7:20 alẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ò mọ fèrè òyìnbó, ìdí ìlù la bí mi sí, nílé wa ní Ọ̀yọ́. Ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí mi. Oríkì tí mo fi ìyáàlù kì, mo lè fi gángan kì í. Ohùn gángan ga jù ú lọ, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ohùn gángan ń jẹ́ ohun tí kò jẹ́. Tí fèrè yín bá dún Bb, kí ló dé tẹ́ ò kàn pè é ní Bb? Ta ló ní kẹ́ ẹ máa pè é ní C, kẹ́ ẹ wá máa ṣírò?

TísàOrin (Ọjọ́bọ̀, 9:03 alẹ́)

Àyàn, ìbéèrè gidi lẹ bi. Nítorí ìka ni. Kilarinẹ́ẹ̀tì ò kéré ní ẹ̀yà: kékeré kan wà tí í ṣe Eb, ti Bb, ti A, àti èyí tó tóbi tó ń fọn ohùn básì. Gbogbo wọn ló ń lo ìka kan náà. Ẹni tó bá ń fọn nínú ọ̀kẹ́strà lè gbé Bb sílẹ̀ láàárín iṣẹ́ kan náà kó mú A. Tó bá jẹ́ pé orúkọ tó dún gan-an là ń pè é, ó ní láti kọ́ ìka tuntun fún fèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá fi orúkọ mọ́ ìka, ẹni tó kọ orin sílẹ̀ ló sì ń ṣírò. Ẹ rí i pé ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ìyáàlù àti gángan náà ni. Ọwọ́ ò yí padà, ohùn ló yí.

Ohun tó fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé irin ara fèrè ìgbà náà ò pọ̀. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Johann Christoph Denner, ní ìlú Nuremberg, ni wọ́n sọ pé ó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1700. Irin méjì péré ló wà lára rẹ̀. Kódà nígbà tó di márùn-ún, kíì tó bá ti jìnnà, ìka ò dé ibẹ̀ dáadáa, ohùn á sì máa wọ́. Dípò kí wọ́n bá ìka jà, wọ́n gbẹ́ fèrè gígùn àti kúkúrú. Ní 1812, Iwan Müller, tóun náà ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì, gbé tirẹ̀ tó ní irin 13 lọ síwájú àwọn àgbà Conservatoire, ilé ẹ̀kọ́ orin ní Paris, ó ní òun nìkan tó fún gbogbo kíì. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí adùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó wà nínú C, Bb àti A parẹ́.

SákísìBọ̀ọ̀dá (Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́)

Ìyẹn ni pé ti C wà? Kí ọmọ yìí ra ti C nìyẹn, kó sinmi!

TísàOrin (Ọjọ́bọ̀, 9:16 alẹ́)

Ó wà, ẹ lọ wá a nínú ẹrù tòkunbọ̀ kẹ́ ẹ rí. Ohùn rẹ̀ náà mú ju ti Bb lọ.

ỌmọTákié (Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe é nígbà mẹ́ta. Mo ká gbogbo ìka kúrò: E ni áàpù kọ, kì í ṣe F. Mo dí ti C: A ló kọ, kì í ṣe Bb. Abẹ́rẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ mì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n fọn ún kí òun gbọ́, ó ní ohùn rẹ̀ dùn. Ṣé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́?

BàbáBáńdì (Ọjọ́ Ẹtì, 6:41 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, ṣé télọ̀ tó o sọ̀rọ̀ rẹ̀ níjọ́sí ni? Yá téèpù rẹ̀. Wọn fèrè náà láti ṣóńṣó ẹnu dé ìdí. Lẹ́yìn náà, fi aṣọ nu ara rẹ̀ lábẹ́ àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí o wò ó bóyá lẹ́tà kan wà níbẹ̀. Má sun, mò ń dúró.

ỌmọTákié (Ọjọ́ Ẹtì, 7:25 alẹ́)

71 sẹ̀ǹtímítà.

Mo fi aṣọ nù ún títí. Ìdọ̀tí ti dí ojú rẹ̀. Mo fi iná fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́, mo rí i, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́: A.

BàbáBáńdì (Ọjọ́ Ẹtì, 7:33 alẹ́)

Ẹ̀ẹ̀ẹ̀n! Mo ti mọ̀. Bb kì í ju bíi 66 lọ. Kilarinẹ́ẹ̀tì A lo rà, ọmọ mi. Àwọn ọlọ́kẹ́strà ló máa ń ní in pẹ̀lú Bb nínú àpò kan, ó jọ pé ẹnì kan ta ẹ̀jìrẹ́ rẹ̀ kúrò. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹni tó tà á fún ọ gan-an lè má mọ̀.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ni tirẹ̀ fi rẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, o fọn G, E ló dún. Lọ́jọ́ kejì, o fọn A, F ṣáàpù ló dún, ó ku bọ́tìnnì kan kó dé G. Ohun tó ku díẹ̀ ló ń ta ni létí jù. Láti òní lọ, ka mẹ́ta sókè. G dùùrù, fọn Bb. D, fọn F. A, fọn C. E, fọn G. Ó rọrùn jù fún àwọn kíì oníṣáàpù. Tí wọ́n bá mú Eb, sá.

SákísìBọ̀ọ̀dá (Ọjọ́ Ẹtì, 7:50 alẹ́)

Ṣé káfíńtà ò lè gé ìdí rẹ̀ kúrò kó di Bb ni? 71 sí 66, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré ni.

BàbáBáńdì (Ọjọ́ Ẹtì, 7:52 alẹ́)

Sákísì, Ọlọ́run á dárí jì yín. Àyè tó wà láàárín ihò kan sí èkejì ńkọ́? Ẹ gé ìdí rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan lẹ bà jẹ́.

ÌyáẸgbẹ́Akọrin (Ọjọ́ Ẹtì, 8:30 alẹ́)

Kó tà á kó ra Bb. Ìwé tí báńdì ìjọ ń lò, Bb ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi A ṣe láàárín tùràmpẹ́ẹ̀tì?

TísàOrin (Ọjọ́ Ẹtì, 8:48 alẹ́)

Màmá, mi ò fara mọ́ títà. Kò sí tùràmpẹ́ẹ̀tì nínú ohun tó sọ, dùùrù àti kọ́ọ̀yà ni. Kó tọ́jú owó fún Bb, kó máa fi èyí kọ́ṣẹ́. Ẹnu fèrè àti rídì kan náà ló máa lò fún méjèèjì.

ÌyáẸgbẹ́Akọrin (Ọjọ́ Ẹtì, 9:15 alẹ́)

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín: kí ló ń fi sítáàfù ṣe? Ìwé orin wa tí d, r, m wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Doh kì í gbé ojú kan. Kó ti mọ ibi tí doh wà lórí fèrè rẹ̀, ó ti bọ́ nínú ìṣírò. Wọ́n ní Key G, ó fi doh sí Bb tirẹ̀, soh á wà níbi soh, mi á wà níbi mi. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fi dò, re, mí kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn Yorùbá, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní kíì.

BàbáBáńdì (Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́)

Màmá, ẹ ti mú mi. Ní báńdì, wọ́n máa nà wá tí wọ́n bá bá d r m lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n fún orin ìjọ, ohun tẹ́ ẹ sọ yá ju tèmi lọ.

TísàOrin (Ọjọ́ Ẹtì, 9:55 alẹ́)

Kó kọ́ méjèèjì. Fela Sowande tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́ ní 1905, sítáàfù ló fi kọ iṣẹ́ ọ̀kẹ́strà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú ìjọ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ kà á.

ỌmọTákié (Ọjọ́ Àìkú, 3:10 ọ̀sán)

Ẹ kú ìsinmi o. Mo gbọ́rọ̀ sí Màmá lẹ́nu. Wọ́n ní Key G, mo fi doh sí Bb. Ẹsẹ kìíní, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ẹsẹ kejì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá áltò nísàlẹ̀, níbi tí ohùn rẹ̀ ti dúdú dáadáa. Ọ̀gá kọ́ọ̀yà yíjú wò mí, kò fọwọ́ bo etí.

Ní ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, alùdùùrù wa tẹ bọ́tìnnì transpose tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó gbé gbogbo wa sí Ab láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bọ́ fèrè lẹ́nu, mo bá wọn kọ tẹ́nọ̀ parí orin.

BàbáBáńdì (Ọjọ́ Àìkú, 3:22 ọ̀sán)

Ab lórí fèrè tìrẹ, Key B ni. Ṣáàpù márùn-ún. O ṣe dáadáa bó o ṣe bọ́ ọ lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bi alùdùùrù yẹn bóyá ẹsẹ tó gbẹ̀yìn ń gòkè, kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀.